Ìwé Tí Ọmọdé Ń Fi Ẹnu Polówó

Kí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó dé Abẹ́òkúta, ìlú ọmọ Lísàbí, ní 1854, kò sí ẹni tí í bi ọmọ Yorùbá léèrè ìwé tí ó wù ú. Ṣùgbọ́n ìtàn tí ó wù ú wà, nítorí pé bí òṣùpá bá ti lé, tí a sì ti jẹun alẹ́ tán, apàlọ́ a jókòó, àgbo àwọn ọmọdé a sì yí i ká, àwọn tí wọ́n ti gbọ́ ìtàn Ìjàpá kan rí ni yóò sì kọ́kọ́ ké pé òun gan-an ni kí ó tún pa. Ọmọ tí ó gbọ́ ọ lánàá ni í lọ fa ọmọ ojúlé kejì wá lónìí. Àgbo yìí ni òṣùwọ̀n tí mo fi ń wọn gbogbo ìwé tí a ti ṣe fún àwọn ọmọ wa.

Ìwé ABD àti àwọn Ìwé Kíkà tí àwọn ìjọ tẹ̀ ṣiṣẹ́ tiwọn, n kò sì ní bu ẹnu àtẹ́ lù wọ́n, nítorí ẹni tí ó fi ọ̀nà hàn ni ti ṣe oore. Ṣùgbọ́n lẹ́tà àti ìwà rere ni wọ́n wá fi kọ́ni, wọn kò wá pa ìtàn. Èyí tí ó yàtọ̀ ni ìwé ìrìn àjò onígbàgbọ́ tí Bunyan, òǹkọ̀wé ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, kọ, tí Hinderer, àlùfáà tí ó gbé ní Ìbàdàn Mesì Ọ̀gọ̀, túmọ̀ sí Yorùbá, nítorí ìrìn àjò ń bẹ nínú rẹ̀, òmìrán ń bẹ níbẹ̀, ọmọdé kì í sì í sùn lé ìrìn àjò.

Ọ̀rọ̀ wá yí padà ní 1936, nígbà tí Ẹ̀ka Ẹ̀kọ́ ìjọba ké sí àwọn òǹkọ̀wé láti díje. Daniel Ọlọ́runfẹ́mi Fágúnwà, ọmọ Òkè-Igbó, tí ó ń ṣe olùkọ́ ní St. Andrew's ní Ọ̀yọ́ Aláàfin, wà lára wọn, ní 1938 ni ilé ìtẹ̀wé CMS sì tẹ Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde. Iwin àti ewèlè inú rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń yìn, wọn kò sì jẹ̀bi; ṣùgbọ́n ohun mìíràn ni ó gbà mí lọ́kàn. Nínú ìwé náà, baba arúgbó kan ni ó wọlé tọ òǹkọ̀wé wá, tí ó ní kí ó mú ohun ìkọ̀wé kí ó sì máa kọ ohun tí òun bá sọ; nígbà tí ó di ọjọ́ kejì, èèyàn ti gbọ́, wọ́n ti péjọ, èrò sì tún pọ̀ sí i lẹ́yìn náà. Àgbo àlọ́ ni Fágúnwà gbé wọ inú ìwé ní odindi, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ó ń kà á fúnra rẹ̀ di ọ̀kan nínú àwọn tí ó jókòó síbẹ̀.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni J. F. Ọdúnjọ ṣe ìwé kíkà Aláwìíyé, tí orúkọ rẹ̀ ti sọ iṣẹ́ rẹ̀, tí àwọn àgbàlagbà tí ó ti hewú sì ń ka ewì inú rẹ̀ lórí títí di òní. Nígbà tí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn sì bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù kìíní 1955, tí ọmọ ilé-ìwé lé ní 800,000 ní ọdún kan ṣoṣo, àìtó ìwé di ìyàn. Láti Ìbàdàn ni ìwé ìròyìn Àwòrẹ́rìn-ín ti ń jáde fún àwọn ọmọ ilé-ìwé nígbà náà. Ní 1969, Ọládèjọ Òkédìjí gbé Àjà Ló Lẹrù jáde, nínú èyí tí Lápàdé, ọlọ́pàá tí ó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, ń lé olè kiri. Kò sí iwin níbẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ìlépa wà, ọ̀rọ̀ àwàdà wà, ẹnu Yorùbá sì dùn níbẹ̀ bí oyin.

Bí mo ṣe mọ̀ pé irú ìwé bẹ́ẹ̀ ti wọ ọmọ lára ni pé, bí ó bá kà á tán, a gbé e lọ bá ọ̀rẹ́ rẹ̀, a ka ojú ewé bíi mélòó kan sókè sí i létí, bí ó bá sì di ibi tí ó gbóná jù, a pa á dé, a ní kí onítọ̀hún lọ ka ìyókù fúnra rẹ̀.