Ilé Là Ń Wò Kí A Tó Sọ Ọ̀rọ̀ Lórúkọ

Nígbà tí mo wà ní ilé-ìwé girama, mo kọ àròkọ kan lédè Gẹ̀ẹ́sì, mo sì sọ níbẹ̀ pé ọkùnrin kan "gave something up". Olùkọ́ wa fi gègé pupa fa ìlà sí i, wọ́n kọ "surrendered" sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọ́n ní èdè ọjà ni mo kọ. Mo gbà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìgbà tí mo dé yunifásítì tí mo ka ìtàn èdè náà ni mo tó mọ̀ pé àgbà ni a lé kúrò lórí ìjókòó, tí a sì fi àlejò rọ́pò rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ọ̀rọ̀-ìṣe náà. Àwọn tí wọ́n kó èdè yìí wọ ilẹ̀ Bìrìtéènì láti nǹkan bí ọdún 450 ní ọ̀rọ̀ kan, "ofgifan", tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ láti fi nǹkan sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ kékeré, "of", ni ó ṣáájú. "Gifan", tí í ṣe "give" ti òní, ni ó tẹ̀lé e. Báyìí ni púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀-ìṣe wọn rí. Ní ọdún 865, ogun ńlá kan láti Dẹ́nmárkì àti agbègbè rẹ̀ gúnlẹ̀ sí England. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn jagunjagun náà kò padà sílé mọ́. Wọ́n dá oko sí àríwá àti ìlà-oòrùn, wọ́n sì fẹ́ ọmọ onílẹ̀. Èdè wọn súnmọ́ ti onílẹ̀ pẹ́kípẹ́kí, ṣùgbọ́n "gefa upp" ni àwọn ń wí: ìṣe níwájú, ọ̀rọ̀ kékeré lẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé àjùmọ̀gbé yìí wà lára ohun tí ó mú kí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ gbilẹ̀.

Ẹ̀rí rẹ̀ wà nínú ìwé ìtàn ọdọọdún tí àwọn mọ́ńkì ìlú Peterborough kọ. Lábẹ́ ọdún 1132, wọ́n kọ ọ́ pé Ọba Henry Kìíní mú kí olórí ilé wọn, tí òun náà ń jẹ́ Henry, fi ipò rẹ̀ sílẹ̀ kí ó sì jáde ní ìlú, nítorí pé ó fẹ́ fi ilé wọn sábẹ́ ilé Cluny ní ilẹ̀ Faransé. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n lò ni "gyuen up". Ẹ kò rí i bí? Kì í ṣe ará ọjà ni ó kọ ọ́, àwọn ọ̀mọ̀wé ìjọ ni. "Surrender" tí olùkọ́ wa fẹ́ràn, láti ẹnu Faransé ni ó ti wá, ó sì dé lẹ́yìn èyí.

Ó ku "something". Ní àtètèkọ́ṣe, ìpàdé ìgbìmọ̀ ni "thing". Títí di òní, Folketing ni orúkọ ilé-ìgbìmọ̀ aṣòfin Dẹ́nmárkì. Láti orí ìpàdé ni ó ti di ọ̀ràn tí a gbé wá sí ìpàdé, kí ó tó wá di ohunkóhun. "Body" inú "somebody", ara ènìyàn ni. Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni irú àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ń dúró tẹ́lẹ̀: nígbà tí wọ́n tẹ ìwé Jane Austen, Pride and Prejudice, jáde ní ọdún 1813, "every body" ni wọ́n tẹ̀ síbẹ̀. "No one" kò tíì so pọ̀ títí di ìsinsìnyí. Àwa náà ṣe bẹ́ẹ̀: ẹni kan di ẹnìkan, ohun kan sì di nǹkan.

Ibi tí ọ̀rọ̀ méjèèjì ti pàdé nìyí. Bí a bá fẹ́ lo "it", àárín ni ó gbọ́dọ̀ wà: "give it up". Ọ̀rọ̀-orúkọ lè wà láàárín, ó sì lè wà lẹ́yìn: "give the farm up", "give up the farm". "Something" ńkọ́? Àwọn onígírámà kà á mọ́ arọ́pò-orúkọ, síbẹ̀ a ń gbọ́ "give something up", a sì ń gbọ́ "give up something". Lójú tèmi, ilé tí ó ti wá ni kò gbàgbé. Ọ̀rọ̀-orúkọ ni "thing" kí ó tó di arọ́pò, ìwà ilé bàbá rẹ̀ kò sì tíì kúrò lára rẹ̀.

Ní tiwa, àárín ni gbogbo wọn ń wà: fi í sílẹ̀, fi oko sílẹ̀, fi nǹkan sílẹ̀. Nítorí náà, "give something up" kò ṣe àjèjì sí ọmọ Yorùbá rárá. Ṣùgbọ́n kí a ṣọ́ra: "look after someone" kì í là sí méjì. Ẹni tí ó bá sọ pé "look someone after" ti ṣìnà.

Samuel Johnson tí ó tẹ ìwé atúmọ̀-èdè rẹ̀ jáde ní ọdún 1755 mọ ìṣòro yìí. Ó sọ nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú rẹ̀ pé irú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ni ó ń da àlejò láàmú jù, ó sì fara balẹ̀ kó wọn jọ. Orúkọ tí a ń pè wọ́n lónìí, "phrasal verb", inú ìwé Logan Pearsall Smith ti ọdún 1925 ni ó ti di mímọ̀. Òun náà sì ní Henry Bradley ni ó fún òun. Láti 1132 sí 1925, ó lé ní 790 ọdún tí ọmọ ti ń rìn kí a tó sọ ọ́ lórúkọ.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, n kò bínú sí olùkọ́ wa. Ohun tí a kọ́ wọn ni wọ́n fi kọ́ wa. Ṣùgbọ́n ìlà pupa yẹn ṣe mí ní nǹkan. Ó kọ́ mi láti máa sá fún ọ̀rọ̀ tí gbogbo ayé ń sọ nídìí ààrò, kí n sì máa wá èyí tí ó gùn. Irú ojú bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa fi ń wo Yorùbá tí ìyá wa ń sọ. Kí a tó pe ọ̀rọ̀ kan ní ọ̀rọ̀ ọjà, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ béèrè ilé rẹ̀.