"Mọ́mì, Mo Rí Okùn Náà": Ìtàn Àṣìṣe Inú Eré Ọmọlángidi Orí Tẹlifíṣọ̀n

Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ òṣèlú àti owó ọjà sílẹ̀ díẹ̀ lónìí, ká sọ ìtàn ohun kan tí àwọn ọmọ wa máa ń rí, tí àwa àgbà kì í fẹ́ gbọ́. Ọmọ á jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n, á máa wo eré ọmọlángidi. Lójijì á nawọ́, á ní, "Mọ́mì, mo rí okùn lórí ẹ̀ o!" Kí ni ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń sọ? "Jókòó jẹ́ẹ́ jàre, kò sí okùn kankan níbẹ̀." Bẹ́ẹ̀ okùn wà níbẹ̀. Ọmọ ò purọ́, ojú ẹ̀ ló mú.

Eré ọmọlángidi ò ṣàjèjì sí wa. Nínú Gẹ̀lẹ̀dẹ́ nílé, àwọn ère orí kan wà tí wọ́n ń fi okùn fà kí wọ́n lè máa mira. Ẹ̀yin ará wa tó ń gbé ilẹ̀ Tiv, ní Gboko àti Makurdi, ẹ mọ Kwagh-hir, níbi tí ère onígi ti ń jó lórí pèpéle kékeré, tí ẹni tó ń darí ẹ̀ fara pamọ́ sábẹ́. Ní ọdún 2019, UNESCO kọ Kwagh-hir mọ́ àwọn àṣà tí ó yẹ kí gbogbo ayé tọ́jú. Ní ojú agbo, gbogbo èèyàn ló mọ̀ pé ẹnìkan wà lábẹ́, ìyẹn ò sì ba ayọ̀ wọn jẹ́. Tẹlifíṣọ̀n ló yí ọ̀rọ̀ padà. Kámẹ́rà máa ń sún mọ́ ère débi pé ojú á rí ohun tí kò yẹ kó rí.

Ẹ wo Thunderbirds, tí Gerry Anderson àti ìyàwó rẹ̀ Sylvia ṣe ní Slough, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó bẹ̀rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n ní ọdún 1965. Apá 32 ni wọ́n ṣe. Wáyà tín-ín-rín ni wọ́n fi so àwọn ọmọlángidi yẹn rọ̀ láti òkè. Ẹ lè ní, kí ló dé tí wọn ò lo òwú tí ojú ò ní rí? Ìdí wà ńbẹ̀. Iná mànàmáná ń gba inú wáyà yẹn lọ sí ẹ̀rọ kékeré kan nínú orí ọmọlángidi, ẹ̀rọ yẹn ló ń mú ètè mira bá ohùn tí wọ́n ti gbà sílẹ̀. Bí wọ́n bá yọ wáyà, ẹnu á yadi. Ẹ̀rọ yẹn náà ló jẹ́ kí orí wọn tóbi ju ara wọn lọ. Wọ́n ń kun wáyà náà kó lè bá àwọ̀ ẹ̀yìn mu, ṣùgbọ́n bí iná bá tàn sí i, á kọ mànà.

Ọ̀nà míì tí wọ́n fi ń bo àṣìṣe ni kí wọ́n yẹra fún ìrìn. Ọmọlángidi olókùn ò lè rìn dáadáa, ẹsẹ̀ ẹ̀ kì í tẹ ilẹ̀ bí ti èèyàn. Ìdí nìyẹn tí àwọn akọni inú Thunderbirds fi máa ń wà nínú ọkọ̀ nígbà gbogbo. Bí wọ́n bá fẹ́ tẹ bọ́tìnnì, ọwọ́ èèyàn gidi ni ẹ máa rí. Ọmọdé tó bá fojú sílẹ̀ á béèrè pé, "Kí ló dé tí ọwọ́ ẹ̀ yí padà?" Nígbà tí Anderson fi máa ṣe Terrahawks ní ọdún 1983, ó ti fi wáyà sílẹ̀, ọwọ́ ni wọ́n ń kì bọ inú ọmọlángidi láti ìsàlẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà láyé ìgbà yẹn, ẹ ò ní gbàgbé Terrahawks.

Ní Amẹ́ríkà, Sesame Street bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 10 oṣù November, ọdún 1969. Àwọn ọmọlángidi Jim Henson ò ní wáyà lórí ní tiwọn, ọwọ́ èèyàn ló wà nínú wọn. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń darí wọn ló ń fi ọwọ́ ọ̀tún di orí mú, torí náà ọwọ́ òsì ló ṣẹ́ kù fún iṣẹ́. Ìyẹn ló fà á tí ọ̀pọ̀ ọmọlángidi yẹn fi jẹ́ ọlọ́wọ́ òsì. Tẹ́ ẹ bá wo apá àwọn míì dáadáa, ẹ máa rí irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń gbé e sókè.

Big Bird, ẹyẹ ńlá aláwọ̀ ìyeyè yẹn, ló yà mí lẹ́nu jù. Caroll Spinney ló wà nínú ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún láti 1969. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wà lókè, òun ló ń gbé orí ẹyẹ. Ọwọ́ òsì wà nínú apá òsì. Apá ọ̀tún wá ńkọ́? Òfìfo ni! Okùn ìpẹja ni wọ́n fi so ó mọ́ apá òsì, wọ́n gba okùn náà kọjá lábẹ́ ọrùn. Bí apá òsì bá sọ̀ kalẹ̀, apá ọ̀tún á gòkè. Spinney ò ríran síta, tẹlifíṣọ̀n kékeré tí wọ́n dè mọ́ ọn láyà ló fi ń mọ ibi tó ń lọ.

Àwọn nǹkan míì wà tí ọmọdé máa ń pè ní àṣìṣe, tí kì í ṣe àṣìṣe. Oscar, tó ń gbé inú agolo ìdọ̀tí, aláwọ̀ ọsàn ni ní ọdún àkọ́kọ́. Nígbà tí ọdún kejì fi máa dé, ó ti di aláwọ̀ ewé. Àwọn tó ṣe é ló yí i padà.

Ohun kan tún wà tó jẹ́ kí àṣìṣe àtijọ́ máa jáde lóde òní. Tẹlifíṣọ̀n ayé àtijọ́ máa ń gé etí àwòrán kúrò, ojú rẹ̀ kì í fi gbogbo ohun tí kámẹ́rà rí hàn. Bí orí ẹni tó ń darí ọmọlángidi bá yọ díẹ̀ nísàlẹ̀, kò sẹ́ni tó máa rí i nílé. Lórí fóònù àti tẹlifíṣọ̀n tuntun, gbogbo rẹ̀ ló ń hàn kedere.

Ẹ wá gbọ́ ibi tí mò ń lọ. Kí Sesame Street tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n dán an wò fún àwọn ọmọdé. Edward Palmer gbé àwòrán míì sẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n, tó ń yí padà ní ìṣẹ́jú àáyá méje ààbọ̀, ó sì ń ṣọ́ ìgbà tí ojú ọmọ bá kúrò lára eré. Àwọn onímọ̀ ti ní kí wọ́n má da ọmọlángidi pọ̀ mọ́ èèyàn gidi, kó má baà da ọmọ lójú rú. Àmọ́ ibi tí èèyàn nìkan wà ni ọmọ ti ń gbójú kúrò. Wọ́n pa ìmọ̀ràn náà tì, ibẹ̀ ni Big Bird àti Oscar ti jáde. Ojú ọmọdé ló tún ohun tí àgbà ṣe ṣe.

Èyí tó kẹ́yìn ló wúwo jù. Láti ọdún 1971, Big Bird ní ọ̀rẹ́ kan, Snuffleupagus. Àwọn àgbà inú eré náà ò rí i rí. Bí wọ́n bá fi máa dé, á ti lọ. Gbogbo ìgbà ni Big Bird ń sọ ohun tó rí, wọn ò gbà á gbọ́. Eré àwàdà ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìròyìn nípa àwọn tó ń fi ìyà tàbí ìbàjẹ́ ṣe ọmọdé ń pọ̀ sí i, àwọn tó ń ṣe eré náà ronú: ọmọ tó ń wò wá lè rò pé bí òun bá sọ ohun tójú òun rí, àgbà ò ní gbà. Ní oṣù November, ọdún 1985, wọ́n jẹ́ kí àwọn àgbà rí Snuffleupagus lójúkojú. Lẹ́yìn ọdún mẹ́rìnlá!

Àwa tá a wà lájò, tá a ń fi ọmọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ aládùúgbò ká tó lọ sí ọjà tàbí ibi iṣẹ́, ẹ má jẹ́ ká fojú kéré ẹ̀kọ́ yìí. Ọmọ tá a bá pa lẹ́nu mọ́ lórí okùn inú tẹlifíṣọ̀n, ṣé ó máa wá bá wa lọ́jọ́ tó bá rí ohun tó burú gan-an? Bó bá ní òun rí okùn, ẹ bi í pé, "Níbo? Fi hàn mí." Ẹ jọ wò ó, ẹ jọ rẹ́rìn-ín, kẹ́ ẹ ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ṣe é fún un. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Ẹ̀yin ńkọ́? Àṣìṣe wo ni ẹ̀yin tàbí àwọn ọmọ yín ti rí nínú eré ọmọlángidi? Ẹ sọ fún wa o.