Bí Èdè Prolog Ṣe Ń Bá Àkójọpọ̀ Dátà Ṣiṣẹ́

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Ifákọ̀, Kétu àti agbègbè wọn, ọ̀rọ̀ yín la fẹ́ sọ.

Prolog jẹ́ èdè tí wọ́n fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà. Alain Colmerauer àti Philippe Roussel ló ṣe é ní Marseille, lórílẹ̀-èdè Faransé, ní 1972. Ohun tó jẹ́ òótọ́ lẹ máa kọ sí i, pẹ̀lú òfin, kẹ́ ẹ tó wá bi í ní ìbéèrè.

Kí ló wá dé tá a fi ń so ó mọ́ nǹkan míì? Inú mẹ́mórì ni Prolog ń kó ohun tó mọ̀ sí. Bí àkọsílẹ̀ bá ti di rẹpẹtẹ, inú àkójọpọ̀ dátà bíi MySQL tàbí PostgreSQL ló yẹ kó wà. ODBC, tó jáde ní 1992, ni afárá àárín wọn. Nínú SWI-Prolog, tí Jan Wielemaker bẹ̀rẹ̀ ní 1987, odbc_connect ló ń ṣílẹ̀kùn, odbc_query ló ń fi SQL béèrè, odbc_disconnect ló ń tìlẹ̀kùn.

Ẹ jẹ́ ká fi ọjà Mile 12 ṣàpẹẹrẹ. Ká ní ẹgbẹ́ ọlọ́jà kan ní tábìlì orúkọ àti tábìlì owó tí wọ́n san. Òfin ní: ẹni tá ò bá rí owó rẹ̀, onígbèsè ni. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà o! Ohun tí Prolog ò bá rí, irọ́ ló kà á sí. Bí akọ̀wé bá gbàgbé láti tẹ owó Ìyá Aláta síbẹ̀, kọ̀ǹpútà á pe ìyá ní onígbèsè, bẹ́ẹ̀ rìsíìtì wà lọ́wọ́ wọn. Ẹ jẹ́ kí òfin sọ pé “ẹ lọ yẹ ìwé wò”, kó má dájọ́.

Ẹ ṣọ́ àlàfo náà. Ibi tí wọn ò kọ nǹkan kan sí nínú tábìlì, '$null$' ni SWI-Prolog máa ń mú wá. Òfin tí ò bá yẹ̀ ẹ́ wò lè kà á sí owó tó wọlé.

Lákòótán, ẹ jẹ́ kí SQL kọ́kọ́ ṣa ohun tẹ́ ẹ nílò, kẹ́ ẹ má baà kó gbogbo tábìlì wá. Ẹ má sì lẹ ọ̀rọ̀ tí èèyàn tẹ̀ wọlé mọ́ SQL ní tààrà, kí olè má baà gba ibẹ̀ wọlé. Odbc_prepare ni kẹ́ ẹ lò.