Òfin Wáìnì ní Ilẹ̀ Gíríìsì, láti Thasos títí di 2009

Ní ọ̀rúndún karùn-ún ṣáájú ìbí Kristi ni àwọn ará Thasos, erékùṣù kan ní àríwá Òkun Aegean, fín òfin wáìnì sára òkúta. Wọn kò gbà kí ẹnikẹ́ni ra àjàrà tí ó ṣì wà lórí igi kí ọjọ́ tí òfin dá tó pé. Wọ́n ka títa wáìnì tí a bu omi lù léèwọ̀, wọn kò sì jẹ́ kí ọkọ̀ ojú omi Thasos kó wáìnì àjèjì wọ etíkun tí ó wà níkàáwọ́ wọn. Òkìkí wáìnì wọn ni wọ́n ń dáàbò bò. Owó ńlá wà nínú òkìkí náà.

Ó pẹ́ gan-an kí irú òfin bẹ́ẹ̀ tó tún fẹsẹ̀ múlẹ̀. Títí di àárín ọ̀rúndún ogún, inú àgbá ni wọ́n ti ń bu ọ̀pọ̀ wáìnì Gíríìsì tà, láìsí àkọlé kankan. Ọjà Yúróòpù ló yí i padà. Ní 1961, Gíríìsì bá Àwùjọ Ọrọ̀-Ajé Yúróòpù tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn. Ẹni tí yóò bá Faransé àti Ítálì du ọjà yẹn gbọ́dọ̀ lè fi òfin ti orúkọ wáìnì rẹ̀ lẹ́yìn.

Ní 1971, àwọn orúkọ àkọ́kọ́ tí òfin tì lẹ́yìn jáde. Naoussa àti Nemea wà lára wọn. Ìpele méjì ni ìjọba dá sílẹ̀, OPE àti OPAP. OPE jẹ́ ti wáìnì dídùn tí a fi àjàrà Muscat tàbí Mavrodaphne ṣe, bíi ti Samos àti Patras, bébà aláwọ̀ aró tẹ́ẹ́rẹ́ sì wà lẹ́nu ìgò rẹ̀. OPAP ni ti àwọn yòókù, bébà tirẹ̀ pupa. Orúkọ ìlú lára ìgò tó fún olùrà, nítorí òfin ti sọ ohun tí yóò wà nínú ìgò: àjàrà Xinomavro nìkan fún Naoussa, Agiorgitiko nìkan fún Nemea pupa. Retsina, wáìnì olóje igi páìnì, kò bọ́ sí ìpele kankan nínú méjèèjì. Orúkọ ìbílẹ̀ ni wọ́n fi dá a mọ̀.

Gíríìsì wọ Àwùjọ náà ní 1981. Nígbà tí ìlànà tuntun Yúróòpù dé ní 2009, OPE àti OPAP wọ abẹ́ POP (ΠΟΠ ní lẹ́tà Gíríìkì), ìyẹn orúkọ orírun tí òfin dáàbò bò; wáìnì agbègbè, tí kò sí nínú ìpele méjèèjì, sì di PGE, ìyẹn àmì agbègbè tí òfin dáàbò bò. Òfin kò pa àwọn orúkọ àtijọ́ rẹ́, nítorí náà wọ́n ṣì ń hàn lára ìgò, wọ́n sì ń da olùrà láàmú. Irú àjàrà tí a bá dárúkọ lára ìgò PGE gbọ́dọ̀ tó ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún. Àgbẹ̀ Naoussa tí ó bá sì po àjàrà Merlot mọ́ Xinomavro kò lè kọ Naoussa mọ́, bó ti wù kí wáìnì náà dára tó. Ó lè kọ PGE Makedonia.