Agbọ́n Kékeré Tó Gba Gàrí Wa Sílẹ̀

Tẹ́ ẹ bá ń mu gàrí lọ́wọ́, ẹ rọra gbọ́ ìtàn yìí.

Lẹ́yìn ọdún 1970, kòkòrò funfun kan bí ìyẹ̀fun wọ Áfíríkà láti Gúúsù Amẹ́ríkà, níbi tí ẹ̀gẹ́ fúnra rẹ̀ ti wá. Tó bá fa omi ara ẹ̀gẹ́, ewé á kákò, ẹ̀gẹ́ kò sì ní ta dáadáa. Ọ̀tá tó ń pa á nílé kò bá a wá.

IITA ní Ìbàdàn, ibùdó ìwádìí tí owó ìjọba onírúurú orílẹ̀-èdè ń gbé ró, gbé iṣẹ́ náà fún Hans Herren, ọmọ Switzerland. Ní 1981, ọwọ́ tẹ kòkòrò náà ní Paraguay. Níbẹ̀ ni wọ́n ti rí agbọ́n tíntín tó ń yé ẹyin sí i lára; ọmọ agbọ́n á jẹ ẹ́ láti inú. Lẹ́yìn àyẹ̀wò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n tú agbọ́n náà sílẹ̀ ní Ìbàdàn lọ́dún kan náà.

Àgbẹ̀ kò san kọ́bọ̀. Agbọ́n ń bímọ fúnra rẹ̀, kò ṣeé tà lọ́dọọdún bí oògùn. Oníṣòwò wo ni ì bá náwó wá a? Owó ìlú ló wá a.