Ìdọ́gba fún Akọ́bẹ̀rẹ̀: Èdè Yorùbá àti Ẹ̀kọ́ Áljẹ́bírà, 1962–1977

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1977, Kọ́nẹ́ẹ̀lì Ahmadu Ali, kọmíṣọ́nnà ìjọba àpapọ̀ fún ètò-ẹ̀kọ́, kéde nínú ìpàdé kan ní ìlú Benin pé ìjọba ti fòpin sí ìṣirò ìgbàlódé ní àwọn ilé-ìwé. Oṣù yìí kan náà ni àwọn ọ̀mọ̀wé láti oríṣiríṣi ilẹ̀ péjọ sí Iganmu, ní Èkó, nínú tíátà ńlá tí FESTAC ti wáyé, láti jíròrò lórí ọ̀làjú ènìyàn dúdú àti ètò-ẹ̀kọ́. Àwọn òpìtàn kì í sábà wo ìpàdé méjèèjì pọ̀. Bẹ́ẹ̀, ìbéèrè kan ni ó so wọ́n pọ̀: èdè wo ni akọ́bẹ̀rẹ̀ yóò fi wá iye tí kò tíì mọ̀?

Ìṣirò ìgbàlódé kò hù ní Nàìjíríà. Lẹ́yìn tí Rọ́ṣíà ju Sputnik sí òfuurufú ní 1957, Amẹ́ríkà tún ẹ̀kọ́ ìṣirò rẹ̀ ṣe, ìyípadà náà sì dé Áfíríkà nípasẹ̀ ìpàdé ìwé-kíkọ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Entebbe, ní Uganda, ní 1962. Grace Alele-Williams, ẹni tí ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Chicago ní 1963, kópa nínú iṣẹ́ náà.

A lè fi ìdọ́gba kan ṣe àpẹẹrẹ: 3x + 4 = 19. Olùkọ́ àtijọ́ a ní kí ọmọ gbé 4 kọjá sí òdì kejì, kí ó sì yí àmì rẹ̀ padà. Ọmọ náà a rí 5, ṣùgbọ́n kò ní lè sọ ìdí tí àmì fi yí padà. Ìdí rẹ̀ ni pé ọgbọọgba ni ẹ̀gbẹ́ méjèèjì: ohun tí a bá yọ nínú ọ̀kan, a gbọ́dọ̀ yọ ọ́ nínú èkejì. Bí a bá yọ 4, 3x di 15. Bí a bá pín méjèèjì sí mẹ́ta, x di 5. Àwọn ìwé ìgbàlódé fẹ́ kí ọmọ mọ ìdí yìí, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti sàn ju àwọn tí wọ́n rọ́pò lọ. Àbùkù wọn ni pé ọ̀rọ̀ tuntun pọ̀ jù nínú èdè tí ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́.

Bí a bá sọ ọ́ ní Yorùbá, a ó ní: iye kan wà tí a sọ di ìlọ́po mẹ́ta, tí a fi mẹ́rin kún, tí ó di mọ́kàndínlógún. Ìdọ́gba mìíràn wà nínú orúkọ náà fúnra rẹ̀: iye tí ó ku ọ̀kan kí ó pé ogún, èyí ni x + 1 = 20. Márùndínláàádọ́ta jìn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ku márùn-ún kí ó pé àádọ́ta, àádọ́ta náà sì ku mẹ́wàá kí ó pé ọgọ́ta, tí í ṣe ogún mẹ́ta. Adolphus Mann ti kọ̀wé lórí ètò òǹkà yìí ní 1887. Kò yẹ kí a sọ àsọdùn: ẹni tí ó ń ka owó lọ́jà kì í dúró yanjú ìdọ́gba kí ó tó pe márùndínláàádọ́ta. Ṣùgbọ́n olùkọ́ tí ó bá tú orúkọ náà fún ọmọ ti fi ìyọkúrò àti ìdápadà hàn án. Ìdápadà sì ni ìtumọ̀ al-jabr, ọ̀rọ̀ tí al-Khwarizmi lò ní Baghdad ní ọ̀rúndún kẹsàn-án. Ṣáájú rẹ̀ ni Ahmes, akọ̀wé ará Íjíbítì, ti ṣe àdàkọ ìbéèrè kan ní nǹkan bí 1550 kí a tó bí Kristi: iye kan àti ìdáméje rẹ̀ jẹ́ mọ́kàndínlógún. Ó fi 7 dán an wò, ó rí 8. Ó wá wo iye ìgbà tí 8 lọ nínú 19, ó sì fi 7 sọ ọ́ di púpọ̀.

Ní Modákẹ́kẹ́, ní Ilé-Ifẹ̀, Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní 1970. Ọdún mẹ́fà gbáko ni wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, àwọn ọmọ náà kò sì rẹ̀yìn sí àwọn tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́. Ṣùgbọ́n ìwé kẹfà ni ètò náà parí sí. Nígbà tí àpérò Iganmu ń lọ lọ́wọ́, àwọn tí ó kọ́kọ́ wọlé ti kúrò níbẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni ilé-ìwé girama fi ń kọ́ni, Gẹ̀ẹ́sì náà ni áljẹ́bírà sì fi pàdé wọn. Ìlànà ètò-ẹ̀kọ́ tí ìjọba tẹ̀ jáde ní 1977 fi èdè abínibí sí ìbẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nìkan. Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí ó gba gbogbo ọdún mẹ́fà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, ó fagi lé e. Nínú ìlànà méjèèjì, òdì kejì ààlà náà ni áljẹ́bírà ilé-ìwé girama wà.