Ẹyẹ Tí Ó Ń Jẹ́ Orúkọ Ìbàdàn: Bí A Ṣe Lè Rí I

A ń fi tó gbogbo olùgbé Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ létí pé ẹyẹ kan ń jẹ́ orúkọ Ìbàdàn káàkiri àgbáyé: Malimbus ibadanensis, ọmọ ìyá ẹ̀gà. J. H. Elgood ni ó kọ̀wé júwe rẹ̀ ní ọdún 1958. Gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà nìkan ni ó ń gbé. Bí igbó ibẹ̀ sì ti ń tán ni ẹyẹ náà ń lọ sí àkúrun.

Ọ̀kan nínú ibùgbé rẹ̀ ni igbó tí a dáàbò bò nínú ọgbà IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn tí a dá sílẹ̀ ní 1967. Láti Dùgbẹ̀, ẹ gba Mọ́kọ́lá, Sángo àti Agbowó dé Òjóò. IITA wà lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́, kí ẹ tó dé Mọ́níyà. Ẹ kọ́kọ́ gba àṣẹ ìwọlé, kí ẹ sì lọ ní kùtùkùtù, nígbà tí ẹyẹ ń ké.

Akọ rẹ̀ dúdú, orí rẹ̀ pupa, pupa náà sì dé àyà. Bí àyà bá dúdú, ìbátan rẹ̀ mìíràn ni ẹ rí.

Ẹni tí ó bá rí i, kí ó kọ ọjọ́, wákàtí àti ibi tí ó ti rí i sílẹ̀, kí ó sì fi ránṣẹ́ sí Nigerian Bird Atlas Project nípasẹ̀ BirdLasser lórí fóònù. Irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni ó ń fi igbó tí ó yẹ kí a dáàbò bò hàn. A kò gbọdọ̀ jẹ́ kí orúkọ nìkan ṣẹ́kù.